Mọ́tò Kékeré Mi Ń Gbọ̀n, Ó Sì Ń Mí Hẹlẹ Lórí Òkè: Ṣé Kí N Tà Á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí, mo sì bí ọmọ mẹ́ta. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ra mọ́tò kékeré àlòkù kan, ẹ́ńjìnnì 1.0, oní-pọ́ọ̀gì mẹ́ta. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀, mo ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró níbi iná ojú pópó, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, títí kan dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn. Bí mo bá wá kó àwọn ọmọ, màmá mi àti ẹrù sí i, tí mo tan ẹ́sì, tí a sì kan òkè, ńṣe ló máa ń mí hẹlẹ bí ẹni tó ru odó. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń pè é ní "bàtà ọmọdé". Wọ́n ní kí n tètè tà á kó tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì tà á. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń wa irú rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú ohun tí o kà sílẹ̀ tí ojú mi kò rí rí.

Jẹ́ kí n ti orí gbígbọ̀n yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oní-pọ́ọ̀gì mẹ́rin máa ń taná lẹ́ẹ̀mejì bí ọ̀pá inú rẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Ti oní-mẹ́ta kò yá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń taná nínú ìyípo méjì. Àlàfo tó wà láàárín iná kan sí èkejì ló ń fi í gbọ̀n, ara ẹni sì máa ń mọ̀ ọ́n nígbà tí mọ́tò bá dúró lójú kan. Láti ilé ni wọ́n ti bí i bẹ́ẹ̀. Toyota Aygo ń ṣe é, Kia Picanto 1.0 tí wọ́n ń ṣe láti 2011 náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ju gbígbọ̀n lọ. Bí dígí bá ń gbọ̀n débi tí o kò fi rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ dáadáa, ní kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì síìtì, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, torí bó bá ti pẹ́, ó máa ń ya. Lẹ́yìn náà, kó tú pọ́ọ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Bí ọ̀kan bá kú nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára mọ́tò ti bá a lọ.

Fi ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀gì yìí sọ́kàn, torí òun gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ohun gbogbo tó wà nínú mọ́tò kékeré ló mọ níwọ̀n, kò ní àjẹṣẹ́kù. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì bíi tìrẹ ń gbà kò ju bíi lítà mẹ́ta àti díẹ̀. Bí lítà kan bá jò dànù, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Mọ́tò ńlá tó ń gba lítà mẹ́fà á ṣì máa lọ ní tirẹ̀. Tiwa á pẹ́ fún wa dáadáa, bí ojú wa bá wà lára rẹ̀.

Ti òkè ńkọ́? Mọ́tò rẹ fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí kílò 900. Ìwọ, màmá, ọmọ mẹ́ta àti ẹrù, ká pè é ní 300. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ lo gbé rù ú yẹn, o tún wá tan ẹ́sì, tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì kan náà. Ta ni yóò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun òkè tí kò ní mí? Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé kí n tó kan òkè rárá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tẹ́jú, mo ti já gíá wálẹ̀ sí ẹ̀kẹta tàbí èkejì, mo ti pa ẹ́sì. Mo wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké. Ìró yẹn ló ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù, la fi ń wà ní gíá kẹrin, tí a tẹná mọ́lẹ̀, tí mọ́tò ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ìyẹn ló ń pa á. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kékeré bá ń sáré ló máa ń lágbára. Bó o bá ti dé orí òkè, tan ẹ́sì rẹ padà.

Kí o tó kó èrò, wo afẹ́fẹ́ táyà pẹ̀lú. Ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, wo ara òpó tí ilẹ̀kùn máa ń kàn bó bá padé, wàá rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ti ìgbà tí èrò kò pọ̀ àti ti ìgbà tí mọ́tò kún. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà kọ́ ni kí o fọn ọ́n dé. Ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà.

Omi rédíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ló kù, òun ló sì jẹ mí níyà jù. Ní ọdún kẹta tí mo ra mọ́tò mi, mo ń kó àwọn ọmọ bọ̀ láti iléèwé. Òórùn kan ń wọlé sí wa, ó dùn bíi ṣúgà tó ń jóná. Àbíkẹ́yìn mi ní, "Màámi, kí ló ń rùn?" Mo ní mọ́tò tó wà níwájú wa ni. Mọ́tò mi kò ní aago tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó, iná méjì péré ló ní, búlúù bó bá ṣì tutù, pupa bó bá ti gbóná kọjá ààlà. Nígbà tí pupa tàn, ilé ò jìnnà mọ́, mo ní ká kúkú dé ilé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì jó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, orí ọ̀hún sì wọ́. Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ sí kílípù irin tó di họ́ọ̀sì rédíétọ̀ mú. Kò fẹ̀ ju ìka mi lọ. Ó ti dípẹtà, ó ti là. Lábẹ́ rẹ̀, omi aláwọ̀ ewé ti ṣàn gbẹ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, etí rẹ̀ sì funfun bí ibi tí omi iyọ̀ gbẹ sí. Ó ti ń jò tipẹ́, òun ló ń rùn bíi ṣúgà yẹn. Ká ní mo ti ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ǹ bá ti rí i. Ó ń dùn mí di òní, pàápàá torí pé ọmọ yẹn bi mí.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, mo máa ń ṣí i. Mo ti fi bírò dúdú fa ìlà sára ike omi níbi tí omi dé nígbà tó pé, kí ojú mi má baà tàn mí. Mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ wò. Mo wo ilẹ̀ tí mọ́tò sùn lé. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Jọ̀ọ́, má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná láé, omi inú rẹ̀ lè bó èèyàn lójú.

Ní ti àwọn tó ń pè é ní bàtà ọmọdé, sọ fún wọn pé ìrònú ńlá ló bí mọ́tò kékeré. Nígbà tí epo wọ́n lẹ́yìn wàhálà ti 1956 lórí Suez, ọ̀nà omi ilẹ̀ Íjíbítì, ni wọ́n ní kí Alec Issigonis, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya mọ́tò tí kò ní jẹ epo púpọ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì dábùú, Mini tó jáde ní 1959 sì gba èèyàn mẹ́rin nínú bíi mítà mẹ́ta péré. Ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé dábùú ni tìrẹ náà wà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ ra mọ́tò kékeré àlòkù. Àìrí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ló ń bà mí lẹ́rù.

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ wo èyí tó ní ìbejì. Toyota Aygo, Peugeot 107 àti Citroën C1 àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ kan náà ní Kolín, lórílẹ̀-èdè Czech, ni wọ́n ti tò wọ́n láti 2005 sí 2014. Bí ẹ kò bá rí ti ọ̀kan, ti èkejì lè bá a mu. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ tà á kó má tan mọ́tò náà kí ẹ tó dé. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó ṣì tutù, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá tan án. Bí èéfín búlúù bá ń jáde léraléra, ọ́ìlì ló ń jó, ẹ máa bá tiyín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Táyà mi ṣì ga dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọn ọ́n ní ó ti gbó. Báwo ló ṣe mọ̀?

ÌDÁHÙN: Wo ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ 23 ti ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Wo ti súpíà náà, ìyẹn táyà tí a fi pamọ́, torí òun là ń gbàgbé.