Ẹ Bi Wá: Òkété ò sí lóko mọ́, níbo ló gbà lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, oko mi wà lẹ́yìn Ìta-Ògbólú. Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní abúlé kan ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀ ó máa ń ya fọ́tò ẹranko kan ránṣẹ́ sí mi, groundhog ni wọ́n ń pè é, ó sanra, á kàn nàró sẹ́nu ihò létí oko àgbàdo bí ẹni tó ń ṣọ́ oko. Ní báyìí ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tóun ti rí ẹyọ kan gbẹ̀yìn, àwọn àgbẹ̀ àgbà ibẹ̀ náà ń sọ ọ́. Èmi náà wá wo oko mi, mi ò rí òkété mọ́, ihò tí mo ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́, koríko ti hù bo ẹnu ẹ̀. Ṣé nǹkan kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì ni, àbí àìsàn ló wọlé sí wọn lára? (Bàbá Tíṣà, Ìta-Ògbólú)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Groundhog kì í ṣe ìdílé eku o, mọ̀lẹ́bí ọ̀kẹ́rẹ́ ni, àmọ́ ilẹ̀ ló ń gbẹ́ bíi ti òkété tiwa, ihò ẹ̀ máa ń ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, ó ní ibi tó ń sùn, ó sì ní ibi tó ń yàgbẹ́ sí lọ́tọ̀. Tí òtútù bá ti dé, á wọlé lọ sùn fún oṣù mélòó kan, kò ní jẹun, ọkàn ẹ̀ tó máa ń lù bíi 80 ní ìṣẹ́jú kan á wálẹ̀ sí bíi 5 sí 10. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ní ìlú Punxsutawney ní Pennsylvania, gbogbo 2 February ni èrò máa ń pé jọ wò ó bóyá á rí òjìji ara ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ bóyá òtútù ṣì máa pẹ́, láti 1887 ni wọ́n ti ń ṣe é.

Kò tíì fẹ́ parẹ́ ní Amẹ́ríkà o, ẹ fọkàn ọmọ yín balẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn nínú ìlú, ó wà létí títì. Oko gan-an ni wọ́n ti ń wá a tì, ohun tó sì lè fà á ò fara sin. Láyé àtijọ́ oko ibẹ̀ kéékèèké ni, igbó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà láàárín oko ẹnì kan sí ti ẹnì kejì, ibẹ̀ ni groundhog ń gbẹ́lé sí, oúnjẹ wà níwájú ẹ̀, ibi tó máa sá sí wà lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí tírákítọ̀ ńláńlá dé, ọ̀pọ̀ wọn hú igbó yẹn kúrò, ó wá di àgbàdo àti sóyà títí dé etí títì. Ẹran kan tó jọ ajá, coyote, tí kò sí ní apá ìlà oòrùn ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, rìn dé láti ìwọ̀ oòrùn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìkookò ibẹ̀ tán, ó sì ń jẹ groundhog. Àwọn àgbẹ̀ náà ń yìnbọn fún un, wọ́n ní ẹsẹ̀ màlúù máa ń kó sínú ihò ẹ̀, á sì dá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń bímọ lọ́dún, bí wọ́n ṣe ń pa á yẹn, ìgbà wo lèyí tó ń bí fẹ́ dípò èyí tí wọ́n ń pa?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Coyote ò sí ní Ìta-Ògbólú, àwa fúnra wa la wà níbẹ̀.

Bàbá mi ní oko kòkó lójú ọ̀nà Ìdànrè, iṣu àti ẹ̀gẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìdájí la máa ń lọ yẹ ẹ̀bìtì wò, ọjọ́ tí ò bá tiẹ̀ mú nǹkan kan a máa ń rí èkùrọ́ tí òkété ti jẹ kù lẹ́nu ihò, a mọ̀ pé ó wà nílé. Ilẹ̀ tí bàbá mi bá ti dá fún ọdún méjì mẹ́ta, á fi í sílẹ̀ kó sinmi, igbó á bò ó, ibẹ̀ ni òkété àti ọ̀yà á kó lọ. Ilẹ̀ wo ló ń sinmi lónìí? Láti Àkúrẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, wọ́n ti gé púpọ̀ nínú ẹ̀ sí pílọ́ọ̀tì, èyí tó ṣẹ́kù ọdọọdún là ń dá a. A ò fi àdá ro oko mọ́, òògùn apakoríko là ń fọ́n, ó sì ń pa koríko ààlà mọ́ ti àárín oko, kò wá síbi tí ẹran máa fara pamọ́ sí. NAFDAC ti fòfin de ọ̀kan nínú òògùn apakoríko yìí, paraquat, láti oṣù kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ èmi ṣì ń rí àwọn àgbẹ̀ tó ń wá a kiri.

Iná tún wá ni o. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹnì kan á ṣáná sí igbó torí ọ̀yà méjì péré, iná á jẹ dé oko kòkó ẹni ẹlẹ́ni, ẹran tó lè sáré á bọ́ sọ́wọ́ ajá, ọmọ wọn tí ò lè sáré á jóná síbẹ̀. Ẹ rò ó wò, ọ̀yà máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ọmọ bíi mẹ́rin ló sábà máa ń bí. Oṣù márùn-ún! Iná ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń run ún. Àwọn ọdẹ náà kì í sinmi mọ́, tọ́ọ̀ṣì orí tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán ni wọ́n ń gbé rìn lóru, òkété sì rèé, òru ló ń jẹ̀. Àwọn mìíràn á di gbogbo ẹnu ihò pa, wọ́n á ṣẹ́ ẹyọ kan kù, wọ́n á fín èéfín ata sí i, ìyá tọmọ ni wọ́n á jọ kó. Bàbá, kò dìgbà tí àìsàn bá wọlé kí ẹran tó tán.

Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé eku lásán ni. Irú òkété yìí ni wọ́n ń kọ́ ní Tanzania láti máa gbọ́ òórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Magawa rí ju 100 lọ ní Cambodia, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ góòlù ní 2020. Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́, ta ni ò mọ ipò òkété níwájú Ifá? Ẹ̀gẹ́ tó ń wú jẹ náà mo mọ̀ ọ́n, mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó jẹ oko yín run. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ò ju pé kẹ́ ẹ fi igbó tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lójú ààlà, kí òògùn má kàn án, kí iná má kàn án, kẹ́ ẹ sì bá àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà sọ ọ́ kí tiwọn lè bá tiyín so pọ̀. Ihò tí koríko bò yẹn, ẹ má dí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹran ìgbẹ́ ni mo ń tà ní Oǹdó. Kọ́sítọ́mà mi ń sá, wọ́n ní òkété ló ń kó Lassa ranni. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ẹlẹ́ran, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Eku tó ń kó Lassa jù kì í ṣe òkété, eku kékeré kan tí ọmú ẹ̀ pọ̀ ni, inú ilé ló ń wọ̀, á tọ̀, á yàgbẹ́ sórí gààrí tí wọn ò bò. Láti 1969 ni wọ́n ti mọ àìsàn yìí, ní ìlú Lassa ní Borno, ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn fi ọwọ́ lásán pa eku kankan tàbí kẹ́ ẹ fi ọwọ́ lásán tú ìfun ẹ̀ o, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sè é jinná dáadáa. Ẹ ò sì rí ọ̀rọ̀ iná tí mo sọ lókè yẹn, tí igbó bá ti jóná, inú ilé wa làwọn eku kéékèèké yẹn ń sá wá. Tí ibà bá ń ṣe èèyàn tó ti lo òògùn ibà tí ò lọ, tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, tó ń bì, ẹ má jókòó sílé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, Federal Medical Centre tó wà ní Òwọ̀ mọ iṣẹ́ Lassa dáadáa. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí, àwọn kan ń fi oògùn eku sínú ẹ̀gẹ́ fún ẹran jẹ, tí ọdẹ bá gbé ẹran wá tí ẹ ò rí ojú ọta tàbí ojú pàkúté lára ẹ̀, ẹ bi í dáadáa, tí ò bá lè ṣàlàyé, ẹ má rà á. Ọdẹ tó bá sì gbé ẹran tó lóyún wá, ẹ sọ fún un pé ẹ ò rà á.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọ̀yà ṣeé sìn nílé? (Ọ̀dọ́ kan, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé sìn dáadáa, ọ̀pọ̀ ló ń sìn ín. Akọ kan sí abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má kó akọ méjì sójú kan torí wọ́n á ṣe ara wọn léṣe. Koríko eèsún, àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ tó gbẹ ni wọ́n ń jẹ, omi tó mọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Tẹ́ ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ń sìn ín ni kẹ́ ẹ ti rà á, ẹ má rán ọdẹ lọ mú u wá láti inú igbó. Ẹ̀ka tó ń rí sí ẹran ìgbẹ́ wà ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbẹ̀ yẹn, ẹ lọ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó kan kéèjì.