Ṣé ìbọ ni àṣà ṣíṣe kànga lọ́ṣọ̀ọ́ ní Buxton?

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ń gbé ní Manchester ló béèrè pé: "Wọ́n ní kí ọmọ mi wá bá wọn to ewé òdòdó sára pátákó tí wọ́n máa gbé sí ẹnu kànga ní Buxton lóṣù keje. Mo gbọ́ pé àlùfáà á tún wá gbàdúrà níbẹ̀. Ṣé omi ni wọ́n ń bọ ni, bíi ti Ọ̀ṣun lọ́dọ̀ wa? Kí ló wà nídìí rẹ̀ gan-an?"

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó ọmọ o, mà. Kì í ṣe ìbọ. Ìdúpẹ́ ni, ìdúpẹ́ omi mímu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín mọ́gbọ́n dání, torí ìgbà kan wà tí wọ́n bọ omi ìlú yẹn ní tòótọ́.

Orí òkè ni Buxton wà ní Derbyshire, ó fi nǹkan bí mítà 300 ga ju ojú òkun lọ, òtútù ibẹ̀ sì máa ń wọ eegun. Síbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ìlú, omi kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń sun jáde lábẹ́ àpáta. Ìwọ̀n ooru rẹ̀ tó 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí àwọn ará Róòmù ń ṣàkóso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Aquae Arnemetiae ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìyẹn omi Arnemetia, òrìṣà obìnrin tí àwọn onílẹ̀ ń bọ. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n hú owó ayé Róòmù tó lé ní 200 àti ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ jáde nídìí ìsun náà. Ẹni tó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sínú omi, ohun kan ló ń tọrọ.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi gbilẹ̀, St Ann, ìyá Màríà, ló gba ipò Arnemetia. Àwọn aláìsàn ń rọ́ wá, ẹni tí ara rẹ̀ bá yá á sì fi ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹ̀rí. Lọ́dún 1538, lábẹ́ Ọba Henry kẹjọ, Sir William Bassett gba àṣẹ Thomas Cromwell, olórí ìjòyè ọba, ó gbé ère St Ann lọ, ó kó àwọn ọ̀pá náà kúrò, ó sì ti ilé ìwẹ̀ pa. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ asán ni. Àwọn èèyàn kò gbà. Nígbà tó fi máa di 1572, èrò ti pọ̀ débi pé òfin jáde pé tálákà tó ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ lọ sí Buxton tàbí Bath, ìlú omi wọ́ọ́rọ́ mìíràn, láìgba ìwé àṣẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Mary, ọbabìnrin Scotland, tó wà ní àhámọ́ nígbà náà, wá wẹ̀ níbẹ̀ nítorí ara ríro. Láti ìgbà yẹn lọ, oògùn ni wọ́n ń ka omi náà sí. Àwọn Duke Devonshire, ìyẹn ìjòyè ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí oyè wọn ń ti ọwọ́ baba bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, ẹni karùn-ún nínú wọn ló sì kọ́ ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Crescent fún àwọn olówó tó ń wá wẹ̀.

Ibí gan-an ni ìdáhùn yín wà. Ìsàlẹ̀ ni omi wọ́ọ́rọ́ yẹn ń sun sí, òkè ni ọjà wà, níbi tí àwọn ará ìlú ń gbé. Omi kì í fúnra rẹ̀ gun òkè. Ìlú tí àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wẹ̀, àwọn ọmọ onílùú ibẹ̀ ń wá omi mímu! Ẹnikẹ́ni tó ti ru korobá rí kó tó lọ sílé ìwé mọ bó ṣe rí. Nígbà tí Duke kẹfà wá fa omi tútù dé ojú ọjà, inú wọn dùn, wọ́n fi òdòdó ṣe ẹnu omi náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ọdún 1840 nìyẹn, ibẹ̀ ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Buxton. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé láti ọ̀dọ̀ Arnemetia ló ti ṣẹ̀ wá tààrà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn abúlé itòsí ni Buxton ti kọ́ ọ. Ní Tissington, tí gbogbo Derbyshire mọ̀ mọ́ àṣà yìí, ìtàn méjì ni wọ́n ń sọ: àwọn kan ní nítorí pé àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1348 sí 1349 kò pa wọ́n run ni, àwọn kan ní nítorí pé kànga wọn kò gbẹ nígbà ọ̀dá ọdún 1615. Ìtàn méjèèjì, ọpẹ́ ni.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n pe ọmọ yín sí kì í ṣe kékeré rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ pátákó sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, kó má bàa fa omi ara amọ̀ mu. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ iyọ̀, wọ́n á sì rẹ́ ẹ sára pátákó títí á fi dán. Wọ́n á tẹ́ bébà tí wọ́n ya àwòrán sí lé e, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ gún ojú ìlà náà. Bí wọ́n bá ká bébà kúrò, ojú abẹ́rẹ́ á ti wà lára amọ̀. Èso igi alder dúdú wẹ́wẹ́ tàbí hóró kọfí ni wọ́n fi ń to ojú ìlà náà. Lẹ́yìn èyí ni òdòdó ń wọlé, ewé kan lẹ́yìn èkejì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èyí tó wà lókè á gun èyí tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, bíi páànù orí ilé, kí òjò lè ṣàn kọjá láì wọ inú amọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló ń lò lẹ́nu kànga kó tó rọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń yà.

Ní ti àdúrà àlùfáà, Ọlọ́run ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé omi wà. Wọn kì í bọ omi ní ohunkóhun, wọn kì í ké pe ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Nídìí Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, òrìṣà ló ni odò, òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ náà kò fara sin.

Tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ fún un, amọ̀ yẹn máa ń ta sára. Tí ẹ bá sì ń bá a lọ, ẹ mú ike omi dání: ẹnu omi St Ann wà ní ọ̀kánkán Crescent, ọ̀fẹ́ ni, àwọn ará ìlú sì ń pọn ọ́n lójoojúmọ́.