Ṣé wọn ò ní jà lójú mi?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ń kàwé ní Boston University. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n wá wo họ́kì orí yìnyín, àwọn pẹ̀lú Boston College. Mo gbọ́ pé ìjà ni wọ́n ń jà níbẹ̀. Ṣé kí n lọ? — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ o, Màmá. Ìjà tí ẹ gbọ́ yẹn, ti àwọn tó ń gbowó lórí eré ni. Ní yunifásítì, ẹni tó bá ju ẹ̀ṣẹ́ yóò jáde, kò sì ní gbá ìdíje tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á fi èjìká gbá ara wọn mọ́ ògiri gbàà! Òfin gba ìyẹn, ẹ má kígbe.

Commonwealth Avenue kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì wà, reluwé Green Line kan náà ló ń kó èrò wọn. Ẹ ò rí i pé orogún ilé kan ni wọ́n? Lóṣù Kejì, wọ́n tún máa ń bá Harvard àti Northeastern du ife Beanpot, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Boston University ló gbà á jù. Ọmọ yín á ti fọ́nnu tó.

Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá máa ń yára ju ojú lọ. Ibi tí àwọn òṣèré bá dorí kọ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ mú súẹ́tà dání, kẹ́ ẹ wọ pupa. Ṣùgbọ́n ẹ fi àlàárì yín sílẹ̀ nílé: pupa tó ṣú bẹ́ẹ̀, ti Boston College ni.