Èsì: Amọ̀ inú rẹ́sìnì àti iná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá amọ̀ tí ẹ bù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná tí ẹ sì pò ó mọ́ rẹ́sìnì (oje oníkẹ́míkà tí ó máa ń gan di líle), kò ní jẹ́ kí táǹkì tí ẹ ń ṣe tètè jóná. Lílọ̀ nìkan kò tó. Èyí tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò ni montmorillonite, amọ̀ tí ó tò léra bí ojú ìwé, tí ìpele rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 1 (ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà). Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń là á kí rẹ́sìnì tó ráyè wọ àárín rẹ̀. Bí ó bá fọ́nká dáadáa, amọ̀ tí ó tó ìdá 3 sí 5 nínú 100 ìwúwo àdàlù náà ti tó. Nígbà tí iná bá mú un, rẹ́sìnì ojú òkè á jó lọ, àwọn ìpele amọ̀ á ṣẹ́ kù, wọn á sì para pọ̀ mọ́ èédú di èèpo tí kì í jẹ́ kí ooru tètè wọlé, tí kì í sì í jẹ́ kí gáàsì tí ń jó tètè jáde.

Ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń ru sókè tó ni amọ̀ yìí ń dín kù, kì í ṣe gbogbo ooru rẹ̀. Nígbà mìíràn, rẹ́sìnì náà tilẹ̀ ń yá gbiná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pẹlẹbẹ tí èmi fi dánra wò lẹ́yìnkùlé kò ru bí èyí tí kò ní amọ̀, àmọ́ iná náà kò kú fúnra rẹ̀, rẹ́sìnì náà sì ti ki jù fún búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi aluminium hydroxide, ìyẹ̀fun funfun kan, kún un, nítorí pé ó máa ń tú omi sílẹ̀ bí ó bá gbóná.