Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Kí La Ó Fi So Àmáàkì Mọ́ Igi?

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àmáàkì aláṣọ kan, ìyẹn ibùsùn tí wọ́n ń so sáàárín igi méjì, tó gùn tó mítà 3.3, kí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lè máa sùn sínú irú rẹ̀ tá a bá lọ gun àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Okùn náílọ́ọ̀nù la fi so ó. Lálẹ́, ó máa ń ga dáadáa. Kílẹ̀ tó mọ́, ìdí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Baba tó ni oko kajú tá a sùn sí tún bínú pé okùn wa bó èèpo igi òun. Ẹnì kan ní ká ra ọ̀já, ẹlòmíì ní okùn tín-ín-rín kan wà tó lágbára bí irin. Èwo ni ká mú?
Òǹkàwé kan, Ṣábẹ̀ẹ́

Okùn yẹn ló ni ẹ̀bi méjèèjì. Náílọ́ọ̀nù máa ń nà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, tí ìrì bá sì rin ín, á tún nà sí i. Okùn roboto kì í fẹ̀ lára igi, nítorí náà gbogbo ìwúwo ẹni tó sùn á kó sójú kan ṣoṣo, á sì wọ inú èèpo. Abẹ́ èèpo yẹn gan-an ni oúnjẹ igi ń gbà láti ara ewé lọ sí gbòǹgbò. Baba olóko kò jẹ̀bi.

Ohun tó bá máa yí igi ká gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀já pẹlẹbẹ, ohun yòówù kí wọ́n sọ fún yín lọ́jà. Kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ó kéré tán. Tí èèpo igi bá rọ̀, ẹ wá èyí tó fẹ̀ tó 4 tàbí 5. Pọlíẹ́sítà ni kí ẹ béèrè, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ nà, bó tutù, bó gbẹ. Irú rẹ̀ ni àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń di ẹrù. Èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà Yúróòpù máa ń ní àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn: búlúù ni ti pọlíẹ́sítà, àwọ̀ ewé ni ti náílọ́ọ̀nù, àwọ̀ ilẹ̀ sì ni ti pọlípírópílíìnì. Ẹ mú búlúù. Bẹ́líìtì ìjókòó tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù náà ṣeé lò, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ po: tó bá le gbagidi tàbí tí fọ́nrán rẹ̀ ti ń já, oòrùn ti jẹ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Mítà 3 fún igi kọ̀ọ̀kan á tó yín.

Ó ku ohun tó máa so ọ̀já mọ́ àmáàkì. Ọ̀já olójú púpọ̀, èyí tí wọ́n rán ojú sí lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ló rọrùn jù: ẹ kàn máa fi irin ìkọ́ há ojú tó bá wù yín. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, ẹ ò sì lè dúró sáàárín ojú méjì. Ẹ má lo irin ìkọ́ tí wọ́n fi ń kó kọ́kọ́rọ́ o. Èyí tí wọ́n kọ kN (ìwọ̀n agbára tó lè gbà kó tó ṣẹ́) sí lára, tó tó 12 kN, ni kí ẹ rà. Ọ̀já onírin ìdè ṣeé fà dé ibikíbi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀já bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju irin lọ, tàbí tẹ́ ẹ bá ki ọ̀já bọ̀ ọ́ lódì, á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Ẹ ta kókó kan sẹ́yìn irin náà, ọ̀rọ̀ parí.

Okùn tín-ín-rín tí wọ́n sọ fún yín, Dyneema ni. Òótọ́ ni pé ó lágbára, kì í mu omi, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ nà. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń yọ̀, kókó lásán kì í dúró níbẹ̀. Ooru tó tó nǹkan bí dígírì 145 á yọ́ ọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí okùn míì máa ha á. Èyí tí wọ́n hun kó lè máa fà wọlé fà jáde tún ní gígùn tí kò lè dín sí mọ́, kò sì wúlò tí igi bá súnmọ́ra. Kò sì gbọ́dọ̀ kan igi láé.

Tó bá jẹ́ àwa, ọ̀já pọlíẹ́sítà àti igi kékeré ti tó. Ẹ ṣe ojóbó sára ọ̀já, ẹ fa ara ọ̀já gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀, kí ẹ ki igi líle tó nípọn bí ìka, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fún un. Ẹ gbé ojú okùn àmáàkì gba orí igi náà kọjá kó lè gúnlẹ̀ sára kókó. Tó bá jókòó sórí igi dípò kókó, igi lè ṣẹ́. Lówùúrọ̀, ẹ fa igi yọ, kókó á tú fúnra rẹ̀.

Gbogbo èyí á já sí asán tẹ́ ẹ bá fà á le gan-gan. Ẹni tó wọn kílò 80, tí ọ̀já bá dagun ní dígírì 30 sí ilẹ̀ títẹ́jú, kílò 80 ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń fà. Ní dígírì 15, ó di bíi 155. Ní dígírì 10, 230. Ní dígírì 5, ó lé ní 450. Ibẹ̀ ni ọ̀já ti ń já, tí igi ń tẹ̀, tí ẹ̀yìn sì ń dun ẹni tó sùn. Láti mọ dígírì 30, ẹ na ìka ìlábẹ̀ gbọọrọ, ẹ gbé àtàǹpàkò sókè. Ìlà tó ti ṣóńṣó ìkan dé ṣóńṣó ìkejì ló yẹ kí ọ̀já tẹ̀ lé.

Bí igi méjì bá fi mítà 4 jìnnà síra, ẹ so ọ̀já sí mítà 1.60 láti ilẹ̀. Bó bá jẹ́ 4.5, 1.75, bó bá jẹ́ 5, 1.90. Ìdí yín á wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sílẹ̀. Okùn tín-ín-rín tó gùn ní mítà 2.75 tẹ́ ẹ bá ta láti orí àmáàkì dé ẹsẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ kí ó máa rọ̀ wálẹ̀ bákan náà níbikíbi tẹ́ ẹ bá so ó sí.

Èmi ní igi tíkì, máńgòrò, ọ̀pẹ àti àgbọn nínú ọgbà. Èwo ló dára?
Òǹkàwé kan, Kétu

Tíkì tàbí máńgòrò, tí ara rẹ̀ bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Kùkùté imọ̀ tó kù lára ọ̀pẹ máa ń gé ọ̀já. Abẹ́ àgbọn kì í ṣe ibi oorun, ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má dán an wò. Ẹ wo òkè kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun, bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà. Ẹ sì wo ìdí igi, torí ìjàlọ á gba orí ọ̀já wá bá yín. Ìrókò tí wọ́n ró aṣọ funfun fún, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Ṣé mo lè so ó mọ́ ògiri ọgbà wa?
Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni kílò 80 ní dígírì 30 ń fa ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú agbára tó tó kílò 69, wọn ò sì fi búlọ́ọ̀kù mọ ògiri ọgbà nítorí irú fífà bẹ́ẹ̀. Ó lè wó lé ẹni tó sùn lórí. Òpó kọ̀ǹkéré tó ní irin nínú, tó sì gbé òrùlé dúró, ni kí ẹ wá, kí ẹ fi ọ̀já yí i ká, ẹ má kan ìṣó sí i.