Kí o tó ra graphics card tuntun, wá ẹni tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ra Dell OptiPlex tòkunbọ̀ kan ní Computer Village, Ìkẹjà: processor Core i5-7500, RAM 8GB ẹyọ kan ṣoṣo, hard disk àtijọ́, power supply 240 watt. Mo ki graphics card GTX 1050 Ti bọ̀ ọ́. Bí mo bá ń ṣe gémù Counter-Strike 2, ó máa ń kọsẹ̀, pàápàá bí ìjà bá gbóná. Mo ti tọ́jú owó graphics card tuntun, RTX 4060. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bottleneck (ẹ̀yà kan tó lọ́ra, tó ń fa ìyókù sẹ́yìn) kò ní jẹ́ kí n jèrè rẹ̀, èkejì ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, so owó yẹn mọ́wọ́ ná. Card náà dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ebi rẹ̀ ń pa ẹ̀rọ rẹ.

Wo bùkà àmàlà lọ́sàn-án. Ẹnì kan ń rokà, ó ń bù ú sáwo, ó ń nà án sí ẹnì kejì tó ń bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé e. Bí ẹni tó ń rokà bá ń falẹ̀, ẹni tó wà nídìí ọbẹ̀ á kàn di ìgbakọ mú, á máa retí. O lè lọ mú ẹni tó yá lọ́wọ́ jù ní gbogbo Ìbàdàn wá sídìí ọbẹ̀, àwọn tó tò síta kò ní tètè jẹun. Processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni ẹni tó ń rokà; graphics card ni ẹni tó wà nídìí ọbẹ̀. Òun ló ń ṣírò ibi tí ọ̀tá wà, ibi tí ọta ìbọn gbà lọ, àti ohun tó yẹ kó hàn sí ọ lójú, kó tó fà á lé graphics card lọ́wọ́ pé kó yà á. Kò sí àwòrán kan tí kì í gba ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, bottleneck wà. Kò tilẹ̀ sí kọ̀ǹpútà tí kò ní in, torí ẹnì kan ni yóò ṣáà lọ́ra ju ìyókù. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni ẹni tó jẹ́, ó sì lè yí padà. Mọ́nítọ̀ 1920×1080 ní ẹyọ àmì (pixel) bíi mílíọ̀nù 2, ti 4K lé ní mílíọ̀nù 8. Bí o bá kúrò ní ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ìkejì, iṣẹ́ card di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ processor kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyí tí n kò fi gba àwọn ojúlé tó ń ka bottleneck ẹ̀rọ bí ẹni ka máàkì ìdánwò gbọ́.

Dán an wò fúnra rẹ lálẹ́ òní. Fi ètò MSI Afterburner sórí ẹ̀rọ, kó máa fi bí card ṣe ń ṣiṣẹ́ tó hàn, àti core kọ̀ọ̀kan (apá tó ń dá ṣírò) nínú processor. Pa V-Sync (ètò tó ń so iye àwòrán mọ́ eré mọ́nítọ̀) àti ohunkóhun tó ń dí iye àwòrán lọ́wọ́, kí òǹkà má bàa tàn ọ́. Bí card bá dúró sí nǹkan bí 95 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló ń jìyà. Bó bá jẹ́ 60 tàbí 70 ló wà nígbà tí gémù ń kọsẹ̀, ó ń retí ẹlòmíì ni. Má wo àpapọ̀ iṣẹ́ processor nìkan o: core mẹ́rin ni i5-7500 ní, ọ̀kan lè kún dẹ́nu kí àpapọ̀ ṣì máa pe ara rẹ̀ ní 25. Lẹ́yìn ìyẹn, dín resolution, ìyẹn iye ẹyọ àmì àwòrán, kù sí 1280×720. Bí iye àwòrán kò bá gòkè, kì í ṣe card ni.

Pẹ̀lú ohun tí o tò fún mi yìí, RAM ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹyọ RAM DDR4-2400 kan ń gbé 19.2GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá di méjì tó bára mu, ó di 38.4GB. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Windows, browser àti gémù á jẹ 8GB tán, ẹ̀rọ á wá máa sáré lọ sáré bọ̀ sínú hard disk tó falẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkọsẹ̀ yẹn ti sábà ń wá. Ra 8GB kan sí i, kí o sì ra SSD, ibi ìpamọ́ tó yá ju hard disk lọ. SSD kò ní sọ àwòrán 60 di 90, ṣùgbọ́n ìdádúró òjijì yóò dín kù gan-an. Tún fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ, torí processor tó bá gbóná jù á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.

Power supply ló bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé rẹ. Ojú ihò tí a ki 1050 Ti bọ̀ ló ti ń gba iná, kò sì ju 75 watt lọ. RTX 4060 fẹ́ 115 watt àti wáyà tirẹ̀. Power supply 550 watt ni Nvidia ní kí a lò fún un. Ẹnu wáyà tó ń wọ motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́) Dell yẹn kì í ṣe irú èyí tó wà lọ́jà, kì í ṣe gbogbo power supply ló máa wọ̀ ọ́ láìsí adapter. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà SATA, ti hard disk, ṣe ti card fún ọ. 54 watt ni SATA lè gbé lórí ìlà 12 volt. Oníbàárà kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí, ike ẹnu wáyà náà ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra. Inú yàrá tó ń sùn ni ẹ̀rọ yẹn wà.

Ohun mìíràn: ojú ọ̀nà mẹ́jọ péré ni RTX 4060 fi ń bá motherboard sọ̀rọ̀, PCIe 3.0 sì ni ihò card motherboard rẹ, eré rẹ̀ jẹ́ ìdajì ohun tí wọ́n ṣe card náà fún. Bí 8GB inú card bá kún ni wàá mọ̀ ọ́n lára. Card RX 6500 XT tilẹ̀ burú jù, mẹ́rin ni tirẹ̀. Má rà á fún ẹ̀rọ yìí, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

O lè pààrọ̀ processor sí i7-7700, tó ní thread (iṣẹ́ tó lè jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà) mẹ́jọ dípò mẹ́rin, yóò wọ ihò kan náà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà motherboard yẹn parí sí. Windows 11 kò ka irú processor yìí mọ́ ara rẹ̀, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró láti 14 October 2025. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ra RAM àti SSD báyìí, torí méjèèjì lè bá mi lọ sílé tuntun. Màá wá tọ́jú owó yòókù de processor Ryzen 5 5600, motherboard B550, àpótí àti power supply gidi. RAM 2400 rẹ yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 3200 ni Ryzen fẹ́ràn. Card ló máa kẹ́yìn.

O kò sọ irú mọ́nítọ̀ tí o ń lò fún mi. Bó bá jẹ́ 60Hz, àwòrán 60 ló lè fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ì báà jẹ́ 200 ni card ń yà. Wò ó lẹ́yìn rẹ̀, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú òǹkà tí o bá rí lálẹ́ òní.