Ṣé kí a pa láptọ́ọ̀pù ni, àbí kí a jẹ́ kó sùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta, Windows ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ọmọ mi ní pípa tí mò ń pa á lálaalẹ́ ló máa bà á jẹ́, pé kí n kàn máa dé e. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní dandan ni kí n máa pa á. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀, pípa kì í ba láptọ́ọ̀pù jẹ́. Àmọ́ dídé tí ọmọ yín ń sọ náà ní ibi tó ti wúlò. Ohun méjì lẹ máa wò: báwo ni bátìrì yín ṣe lágbára tó, àti ìgbà wo lẹ máa padà sídìí iṣẹ́.

Tí ẹ bá dé e, oorun tí Windows ń pè ní Sleep ló sábà máa ń lọ. Gbogbo ohun tí ẹ ṣí sílẹ̀ ṣì wà nínú RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, RAM kò sì lè di ohunkóhun mú tí iná bá kúrò lára rẹ̀, ni bátìrì ṣe máa ń bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi padà dé. Tí bátìrì bá tán kí ẹ tó dé, ìbéèrè ìdánwò tí ẹ ń tẹ̀ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù máa ń sáré kọ iṣẹ́ sórí dísìkì nígbà tí bátìrì bá kù díẹ̀. Bátìrì tó ti gbó kì í fún un láyè. Ẹ ó rí 20% lójú rẹ̀, kí ẹ tó mọ̀, ó ti kú fin-ín.

Hibernate ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, òun gan-an la sì fẹ́ràn jù fún ilé tí iná ti ń ṣe ségesège. Ó máa kọ ohun tó wà nínú RAM sínú fáìlì kan lórí dísìkì C, hiberfil.sys lorúkọ rẹ̀, á wá pa ara rẹ̀ pátápátá. Tí ẹ bá tún tan án, ojú ìwé tí ẹ wà náà lẹ máa bá. Ó pẹ́ ju Sleep lọ díẹ̀ kó tó jí. Ó sì ń gba àyè: tí RAM yín bá jẹ́ 8 GB, fáìlì yẹn lè tó 3 GB.

Windows kì í sábà gbé Hibernate síta. Ẹ ṣí Control Panel, ẹ wọ Hardware and Sound, lẹ́yìn náà Power Options, kí ẹ tẹ Choose what the power buttons do. Ẹ tẹ Change settings that are currently unavailable lókè, ẹ fi àmì sí Hibernate nísàlẹ̀, kí ẹ tẹ Save changes. Tí ẹ kò bá rí Hibernate níbẹ̀, ẹ wá Command Prompt, ojú ewé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ ṣí i pẹ̀lú Run as administrator, kí ẹ tẹ powercfg /h on, kí ẹ wá padà síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé kíláàsì kan lẹ fẹ́ lọ kọ́ kí ẹ padà, Sleep ti tó. Tó bá di alẹ́, tí ohun tí ẹ ṣí sílẹ̀ sì pọ̀, ẹ lo Hibernate. Tí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ pa á. Ṣùgbọ́n tí bátìrì yín bá ti kú, tó jẹ́ pé orí wáyà nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi Sleep sí i rárá. Gbàrà tí wọ́n bá mú iná lọ, iṣẹ́ yín bá a lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń dé láptọ́ọ̀pù mi kí n tó kúrò nílé ní Ìkòròdú. Kí n tó dé Victoria Island, ó ti gbóná janjan nínú báàgì, bátìrì á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Kò sùn dénú ni. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /a. Tí ẹ bá rí Standby (S3) lára èyí tó wà, oorun àtijọ́ nìyẹn, RAM nìkan ló ń jẹ iná. Tó bá jẹ́ S0 Low Power Idle lẹ rí, ìyẹn ni pé láptọ́ọ̀pù yín ń sùn bíi fóònù: ó lè máa wo íméèlì, ó lè máa gba àtúnṣe Windows lórí Wi-Fi. Nínú báàgì tí afẹ́fẹ́ kò sí, ooru rẹ̀ kò rí ibi gbà jáde, ooru yẹn ló sì ń yára sọ bátìrì di arúgbó.

Ní Power Options kan náà, ẹ lọ sí When I close the lid, kí ẹ yan Hibernate lábẹ́ On battery. Tí ẹ bá ti dé e, ẹ dúró títí fáànù á fi dákẹ́ kí ẹ tó kì í bọ báàgì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jí i, ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, ẹ tẹ powercfg /sleepstudy. Yóò kọ ìròyìn kan tí ẹ lè fi Chrome ṣí.

ÌBÉÈRÈ: Ojoojúmọ́ ni mò ń pa tèmi, síbẹ̀ Task Manager, ètò Windows tó ń fi ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe hàn, ní ó ti wà ní títàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣé irọ́ ló ń pa ni?

ÌDÁHÙN: Kò parọ́. Láti orí Windows 8, tó jáde ní 2012, ni Microsoft ti gbé Fast Startup wọlé. Tí ẹ bá tẹ Shut down, Windows á ti gbogbo ohun tí ẹ ṣí, ṣùgbọ́n igi ẹ̀yìn rẹ̀ (kernel) àti àwọn dráífà, ìyẹn ètò tó ń bá Wi-Fi àti àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ mìíràn ṣiṣẹ́, kò tú ká. Inú hiberfil.sys ló kọ wọ́n sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kó wọn padà láàárọ̀. Ìdí tó fi ń yára tàn nìyẹn. Ìdí náà sì nìyẹn tí Wi-Fi tó ṣìwà hù lánàá fi máa ń jí pẹ̀lú àìsàn kan náà.

Restart kì í gba ọ̀nà yìí, òótọ́ ni tirẹ̀. A rọ̀ yín kí ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ pípa gan-an lẹ fẹ́, ẹ di Shift mú bí ẹ ṣe ń tẹ Shut down. Ẹni tó bá ní Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, pẹ̀lú Windows lórí ẹ̀rọ kan náà, kó yọ àmì kúrò níwájú Turn on fast startup ní Power Options kan náà, torí Linux lè kọ̀ láti kọ nǹkan sórí dísìkì Windows tí kò tíì tú ká tán.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó léwu kí ṣájà wà lára láptọ́ọ̀pù mọ́jú?

ÌDÁHÙN: Tó bá ti kún, á dáwọ́ gbígba iná dúró fúnra rẹ̀. Àmọ́ wíwà ní 100% nígbà gbogbo, pẹ̀lú ooru, máa ń gbó bátìrì lithium. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní ibi tí ẹ ti lè ní kó dúró ní 80%, ẹ wá a nínú ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, fóòmù máa ń dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Tí ibi tí ẹ ń fi ìka fà bá ti ga sókè, tàbí tí láptọ́ọ̀pù kò dé mọ́ dáadáa, bátìrì ti wú nìyẹn: ẹ yọ ṣájà, ẹ pa á, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má fi nǹkan gún un, kí ẹ sì gbé e lọ fún oníṣẹ́ lọ́jọ́ náà.